Àkísà Lábẹ́ Abíyá

Nígbà tí ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù, tí oúnjẹ ń tán lọ nínú ìlú, àwọn ìjòyè ọba Sedekáyà mú wòlíì Jeremáyà, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga kan nínú àgbàlá ilé ẹ̀ṣọ́. Ohun tó ṣe wọ́n kò ju pé ó ní kí ìlú túúbá, kí ẹ̀mí má bàa ṣòfò. Kò sí omi nínú kànga náà. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, wòlíì sì rì sínú rẹ̀. Nínú gbogbo ààfin, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára kì í ṣe ọmọ Júdà. Ìwẹ̀fà kan ni, ará Kúṣì, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, Ebedi-Mélékì lorúkọ tí Bíbélì pè é. Ó lọ bá ọba ní ẹnubodè Bẹ́ńjámínì níbi tó jókòó sí lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe kò dára, ebi ni yóò pa wòlíì náà kú. Ọba ní kó mú ọgbọ̀n ọkùnrin dání, kó lọ fa Jeremáyà jáde.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Kó tó dé ìdí kànga, ó kọ́kọ́ yà sí yàrá kan lábẹ́ ilé ìṣúra ọba, ó ṣa àkísà àti ògbólógbòó aṣọ jọ níbẹ̀. Ó fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ sí Jeremáyà, ó ní kó fi wọ́n há abíyá méjèèjì, kí okùn tó gba ibẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú ẹrẹ̀, tí ebi ti lù bolẹ̀, tí ara rẹ̀ ti joro, bí àwọn géńdé bá fi okùn fà á gòkè, okùn náà yóò bó o láwọ̀. Ìwẹ̀fà yìí ti rò ó débẹ̀. Ọba kò rán an ní àkísà. Jeremáyà gan-an kò béèrè, ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀ kò lè máa ro ti abíyá.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù ló máa ń fò ó. Wọ́n á sọ ti kànga, wọ́n á sọ ti ìgboyà ìwẹ̀fà, wọ́n á sọ pé Ọlọ́run yóò fa ìwọ náà yọ nínú kànga ọ̀tá, ìjọ á pariwo àmín. Àkísà kì í sí nínú ìwàásù náà. Bẹ́ẹ̀ Bíbélì kò fò ó. Ìwé tó ní ogun láti ròyìn, tó ní ìṣubú odindi ìlú ọba láti sọ, ó dúró, ó sọ ibi tí wọ́n ti rí àkísà, ó sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ àti ibi tí wọ́n ní kó fi sí. Ohun tí òṣùká jẹ́ fún aláàárù ni àkísà yìí jẹ́ fún wòlíì: kò dín ẹrù kù, kò sọ ọ̀nà di kúkúrú, àmọ́ ẹni tó ká a fún ọ ti ro ti àtàrí rẹ.

Mo rò pé a máa ń ṣi oore kékeré wò. A rò pé ìwọ̀n owó ló sọ ọ́ di kékeré, pé bí Ọlọ́run bá bù kún wa lọ́la, a ó fi í sílẹ̀, a ó máa ṣe ńlá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi mílíọ̀nù kan náírà ránṣẹ́ láìmọ ojú ẹni tí yóò gbà á, owó náà á sì wúlò. Kò sẹ́ni tó lè fi àkísà sábẹ́ abíyá èèyàn láìkọ́kọ́ wo onítọ̀hún dáadáa. Ohun tó sọ oore kékeré di nǹkan nìyẹn: ó gba kí o wo ẹni náà, kí o sì mọ ibi tí okùn yóò ti gé e.

Jésù kún fún irú rẹ̀. Ọmọ Jáírù, ọmọ ọdún méjìlá, ti kú, Jésù fà á lọ́wọ́, ó sì dìde. Ìyá ń wò, bàbá ń wò, ìyàlẹ́nu ti mú gbogbo wọn. Jésù ló rántí pé kí wọ́n fún ọmọ náà lóúnjẹ. Ní etí òkun Tìbéríà, lẹ́yìn àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fi gbogbo òru fa àwọ̀n lásán, wọ́n dé èbúté, wọ́n bá iná èédú, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí isà òkú ló ń yan ẹja fún àwọn tí ebi ń pa. Àní nígbà tó ṣèlérí èrè fún ẹni tó bá fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lómi, ó sọ irú omi tó jẹ́: omi tútù. Nílùú tí oòrùn ti ń mú bíi tibẹ̀, omi tó ti wà nínú ìkòkò láti àárọ̀ á ti lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún àlejò ní tútù ní láti dìde lọ fà á. Àwọn àgbà wa tó máa ń gbé àmù sí kọ̀rọ̀ ibi tí oòrùn kò dé, tí wọn kì í béèrè ohun tí àlejò bá wá títí yóò fi mu omi, kò ní ṣòro fún wọn láti mọ ohun tí Jésù ń wí.

Ẹni tó tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí kò jáde kúrò nínú ọgbà kan láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí tó fi kú. Thérèse Martin lorúkọ rẹ̀, Tèrésà ti Lisieux ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ Àgùdà nílẹ̀ wa ló ń sọ ọmọ wọn ní Tèrésà, àmọ́ ó ku iye wọn tó mọ̀ pé ọmọbìnrin yìí kò ṣiṣẹ́ ìyanu kankan tí ẹnikẹ́ni rí nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n bí i. Ó wọ ilé àwọn sísítà Kámẹ́lì ní Lisieux, ní ìhà Normandy nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1888. Ikọ́ ife pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1897, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1997, Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn olùkọ́ àgbà Ìjọ, níbi tí irú Augustine wà. Ọmọ tí kò lọ yunifásítì, tí kò kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn kankan yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀ ayé ara rẹ̀ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ, àti lẹ́tà, àti àdúrà, àti ewì.

Nínú àkọsílẹ̀ náà ló ti sọ ti sísítà àgbàlagbà kan, Saint-Pierre. Ara sísítà yìí kò yá, kò lè dá rìn dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́fà lù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dìde nídìí àdúrà láti mú un lọ sí yàrá ìjẹun. Kò wu Tèrésà láti gba iṣẹ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé ìyá yìí ṣòroó tẹ́ lọ́rùn. Ó gbà á síbẹ̀. Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí: ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé àga kúrò lọ́nà, ẹ kò gbọdọ̀ kánjú. Ẹ ó wá tẹ̀ lé ìyá lẹ́yìn, ẹ ó di ìgbànú rẹ̀ mú. Bó bá fẹsẹ̀ kọ, á ní ẹ ń yára jù, ẹ fẹ́ fi òun ṣubú. Ẹ rọra. Á tún ní òun kò gbọ́ ọwọ́ yín mọ́, ẹ ti fi òun sílẹ̀, òun ti sọ pé ẹ kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá dé yàrá ìjẹun, wàhálà ti ìjókòó dé, kò gbọdọ̀ dùn ún. Ẹ ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n ká a gan-an. Iṣẹ́ parí nìyẹn, ẹ lè máa lọ.

Ẹnikẹ́ni tó ti tọ́jú ìyá àgbà nílé yóò ti máa rẹ́rìn-ín. A mọ ìyá yìí. Òun náà ló ń sọ pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, tí ẹ bá fi iyọ̀ sí i, á ní ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru pa òun.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Tèrésà ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ìyá náà kò ran bíbu búrẹ́dì mọ́. Kò sẹ́ni tó rán an ní èyí, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ìyá náà kò sì béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bu búrẹ́dì náà fún un kó tó lọ, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé ibi búrẹ́dì yìí ni ọkàn ìyá náà ti yọ́ sí òun. Gbogbo títì àti dídìmú, ìyá gbà á bí ẹ̀tọ́. Búrẹ́dì nìkan ló fi hàn án pé ẹnìkan ń wo ọwọ́ òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù kan, bí wọ́n ṣe ń lọ báyìí, Tèrésà gbọ́ ohùn orin láti ọ̀nà jíjìn, ó rí i lọ́kàn rẹ̀ pé ilé àríyá kan ni, iná tàn yòò, àwọn ọmọge wọ aṣọ olówó iyebíye. Ó wo ìyá aláìsàn tó ń kùn níwájú rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún irú àríyá bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló kan Kírísítì nínú èyí, ṣebí aláàánú wà nínú gbogbo ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà. Ẹni tó bá ti sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ìjọba mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì á pè ọ́ láago méjì òru pé abẹ́rẹ́ kan ti tán, kí o lọ rà á. O kò lè fi aláìsàn rẹ sílẹ̀, o kò sì lè má lọ. Àlájà tó wà lórí ẹní kejì á ní kí o máa lọ, òun á bá ọ wò ó. Nígbà tí o bá fi máa dé, á ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè díẹ̀ nítorí ó rí i pé èémí ń ṣòro fún un. Àlájà kò béèrè ìjọ tí o ń lọ. Bíbélì gan-an kò fi oore ṣe ohun ìní àwọn onígbàgbọ́ nìkan. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Pọ́ọ̀lù fọ́ ní erékùṣù Málítà, tí èèyàn 276 rá gọ́tọ́gọ́tọ́ dé èbúté, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ará ibẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Jésù rí ló dáná fún wọn. Àpọ́sítélì ńlá wá dìde, ó lọ ṣa igi kún un. Ibi igi náà ni ejò ti bù ú jẹ.

Ohun tí ẹ̀sìn Kírísítì wá fi kún un, bó ṣe yé mi, ni pé ó gbé Ọlọ́run sí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore. Ọlọ́run tí gbogbo ayé ń rúbọ sí láti rí gbà ni a bá lẹ́bàá kànga ní Samáríà, tó ń bẹ obìnrin kan pé kó fún òun lómi mu. Ilé onílé ló ń sùn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gùn wọ Jerúsálẹ́mù, wọ́n yá a ni. Ibojì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tó wá sọ nínú Mátíù orí 25 pé òun ni wọ́n fún lóúnjẹ, òun ni wọ́n daṣọ bò, òun ni wọ́n bẹ̀ wò, ẹni tó ti jìyà àìní ló ń sọ̀rọ̀. Ó mọ bí ó ṣe ń rí. Ó sì ya àwọn olódodo lẹ́nu. Wọ́n ní ìgbà wo ni àwọn rí i. Wọn kò mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀.

Àìmọ̀ yìí ló ń ṣọ̀wọ́n láàárín wa báyìí. Mo wà níbi ètò kan nígbà kan tí wọ́n ń pín ìrẹsì fún àwọn opó. Bánà tí wọ́n gbé kọ́ tóbi ju tábìlì ìrẹsì lọ, orúkọ olùfúnni àti àwòrán rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó kan ìyá kan, ó kúnlẹ̀, ó gba tiẹ̀, ó ti yíjú padà tó ń lọ nígbà tí oníkámẹ́rà kígbe pé òun kò rí i yà. Wọ́n pè é padà. Ó gbé àpò ìrẹsì náà fún wọn, ó tún kúnlẹ̀, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí ìrẹsì náà gbé ilé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìrẹsì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó wo orúnkún ìyá náà bó ṣe ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Dọ́káàsì tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ, obìnrin ará Jópà ni, Tàbítà lorúkọ rẹ̀ kejì. Nígbà tó kú, àwọn opó kó ẹ̀wù jáde, wọ́n ń fi ohun tó rán fún wọn han Pétérù pẹ̀lú omijé. Wọn kò ka ipò tó wà nínú ìjọ, ẹ̀wù ni wọ́n nà sókè. Dọ́káàsì ti ìgbà náà rán aṣọ fún opó. Dọ́káàsì ti ìgbà yìí ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún níbòmíràn, opó tí kò bá lè ra tiẹ̀ kò sì ní lè bá wọn jó ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa bínú sí mi. Mo tún mọ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà tí wọ́n máa ń dọ́gbọ́n yọ owó aṣọ ẹnìkan mọ́ ti ara wọn, tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ láéláé.

Nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi oore kékeré ṣe, ìyẹn ni kí a fi bo ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá pín ìrẹsì kóńgò kan àti adìyẹ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Kérésìmesì, kò ṣoore. Èlé owó wọn ló ń bù fún wọn. Jákọ́bù inú Bíbélì sọ̀rọ̀ tó le gidi lórí owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́wọ́, ó ní igbe rẹ̀ ti dé etí Olúwa. Ìwẹ̀fà ará Kúṣì kò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkísà. Ẹnubodè ló kọ́kọ́ lọ, ó sọ fún ọba lójú ayé pé ìwà ibi ni wọ́n hù. Bó bá jẹ́ pé àkísà nìkan ló jù sí Jeremáyà nínú kànga kí ara lè rọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ̀gàn ni ì bá jẹ́.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ oore tan ara rẹ̀ jẹ. A ní igún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró fún èèyàn ní báńkì rí, tí onítọ̀hún sì sá lọ, kò nílò ká túmọ̀ rẹ̀ fún un. Jésù pẹ̀lú wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni. Ó béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù, kò sì gba ìwòsàn náà padà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí oore kékeré ti sàn fún ọkàn nìyí: ohun tó ná ọ kéré débi pé o lè gbàgbé rẹ̀, kò sì ní sí ohun tí o ó máa gbin lé lórí.

Àwọn kan gbàgbé irú rẹ̀ ní Tébésì, nílẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 312. Wọ́n fipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ogun, ọkọ̀ kó wọn gba orí odò Náílì, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Àwọn ará ìlú gbé búrẹ́dì àti oúnjẹ wá fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, abọ̀rìṣà ni, Pachomius lorúkọ rẹ̀, béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àti àlejò. Ó gbàdúrà lóru ọjọ́ náà, ó ṣèlérí fún Ọlọ́run wọn pé bí òun bá bọ́, òun yóò sin ín. Ó bọ́, ó sì sin ín. Òun ló kọ́kọ́ kó àwọn ọkùnrin tó ń dá gbé nínú aṣálẹ̀ jọ sábẹ́ òfin kan, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun. Nígbà tó fi máa kú ní nǹkan bí ọdún 346, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di mẹ́sàn-án fún ọkùnrin, méjì fún obìnrin. Àwọn ilé mọ́nkì Kìrìsìtẹ́nì tó wà lágbàáyé lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè, títí kan ilé tí Tèrésà ti bu búrẹ́dì fún ìyá àgbà. Àwọn tó gbé oúnjẹ wá fún un lóru ọjọ́ yẹn ti padà sílé lọ fọ abọ́.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ti pẹ́ nídìí ìbẹ̀wò ọsibítù, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀rá ńlá kan ló máa ń gbé dání. Ọṣẹ wà níbẹ̀, pákò wà níbẹ̀, owó ṣẹ́ńjì fún ẹni tó ń dúró ti aláìsàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà fóònù olórí mẹ́ta tó lè bá fóònù ẹnikẹ́ni mu. Sálúbàtà ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé, ó ní, ẹni tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà wá kì í rántí wọ bàtà, ilẹ̀ ilé ìyàgbẹ́ wọ́ọ̀dù kò sì ṣeé fẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Bí a ṣe ń jáde, mo ní, “Màmá, bí ẹ bá dúró ti aláìsàn báyìí, ṣé Jésù ni ẹ máa ń rí, bó ṣe wà nínú Mátíù?”

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó béèrè ohun tí kò kan ni. “Jésù kẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èyí tí mo mú wá fún un lánàá kò wọ̀ ọ́. Ṣé mọ́tò lo gbé wá? Ó yá, bá mi yà lọ́jà. Nọ́ńbà méjìlélógójì ni kó o bá mi béèrè, má sì jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní èyí tó ń ha àárín ìka o, ti ọkùnrin, èyí tó fẹ̀ lójú yẹn ni.”